Bí Akẹ́kọ̀ọ́ Tí Kò Ní Òbí Lẹ́yìn Ṣe Lè Béèrè Owó Ìrànlọ́wọ́ Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ní Amẹ́ríkà

Ní ilé Yorùbá, ẹni tó tọ́ ọmọ dàgbà ni òbí rẹ̀, ìbáà jẹ́ ìyá àgbà, ẹ̀gbọ́n bàbá tàbí àbúrò ìyá, kò sì sí ẹni tí yóò béèrè ìwé lọ́wọ́ wọn. Fọ́ọ̀mù tí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà fi ń pín owó ìrànlọ́wọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́, èyí tí gbogbo ènìyàn ń pè ní FAFSA, kò mọ irú òbí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bí ọ, ẹni tó gbà ọ́ ṣọmọ lábẹ́ òfin, àti, nígbà mìíràn, ẹni tí òbí rẹ bá fẹ́, àwọn yìí nìkan ló ń pè ní òbí.

Ìyàtọ̀ yìí ló ń kó àwọn ọmọ wa ní Houston, Chicago, Maryland àti New York sí wàhálà. Ọmọ tó ń gbé lọ́dọ̀ àbúrò ìyá rẹ̀ yóò kọ owó-oṣù àǹtí sí ibi tí wọ́n ti béèrè owó òbí, owó àǹtí yóò sì sọ ọ́ di ọmọ olówó lójú ìjọba. Èyí tí òbí rẹ̀ wà ní Ìbàdàn yóò sọ pé òun kò ní òbí, nítorí pé wọn kò sí ní Amẹ́ríkà. Ọmọ òrukàn gan-an, ẹni tí fọ́ọ̀mù náà ì bá rọ̀ lọ́rùn jù lọ, yóò pa á tì nítorí pé kò rí ẹni tí yóò bá a fọwọ́ sí i. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹni tí ìjọba bá kà sí akẹ́kọ̀ọ́ tó dá dúró kò nílò ìbuwọ́lù òbí kankan. Owó tó ń wọlé fún òun fúnra rẹ̀, pẹ̀lú ti ọkọ tàbí aya rẹ̀ bó bá ti ṣe ìgbéyàwó, nìkan ni wọn yóò fi ṣe ìṣirò.

Ìgbésẹ̀ kìíní: mọ ibi tí òfin kà ọ́ mọ́

Pé o kò gbé lọ́dọ̀ òbí mọ́, pé ìwọ fúnra rẹ lo ń san owó ilé, tàbí pé òbí kò fi orúkọ rẹ sínú ìwé owó-orí wọn, kò sọ ọ́ di akẹ́kọ̀ọ́ tó dá dúró. Òfin ní àwọn ìbéèrè tirẹ̀, bí ìdáhùn rẹ sí ẹyọ kan ṣoṣo nínú wọn bá sì jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ó ti tó.

Àwọn tó rọrùn láti dáhùn nìyí: ṣé wọ́n bí ọ ṣáájú ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2003 (ọjọ́ yìí wà fún ọdún ẹ̀kọ́ 2026–27, ó sì máa ń fi ọdún kan sún síwájú lọ́dọọdún), ṣé o ti ṣe ìgbéyàwó, ṣé ẹ̀kọ́ lẹ́yìn oyè àkọ́kọ́ lo fẹ́ ṣe, ṣé o ń ṣiṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà lọ́wọ́, tàbí o ti ṣe é rí, ṣé o ní ọmọ, tàbí ẹlòmíràn tó ń gbé lọ́dọ̀ rẹ, tó jẹ́ pé ìwọ lo ń gbé ju ìdajì ìnáwó rẹ̀ lọ. Ní ti ìgbéyàwó, bí nǹkan ṣe rí lọ́jọ́ tí o buwọ́ lu fọ́ọ̀mù ni wọ́n ń wò. Mọ̀mí-n-mọ̀ọ́ tí ẹ ṣe ní ọjọ́ Àjíǹde kò tíì sọ ọ́ di ìyàwó ilé níbẹ̀.

Ìbéèrè tó kan ẹni tí kò ní òbí gan-an ń wádìí bóyá, nígbàkígbà láti ìgbà tí o ti pé ọmọ ọdún 13, òbí rẹ méjèèjì ti di olóògbé, tàbí o wà lọ́dọ̀ àwọn tí ìjọba gbé ọmọ fún láti tọ́, tàbí ilé-ẹjọ́ ló ń ṣe alábòójútó rẹ. Fara balẹ̀ wo bí wọ́n ṣe gbé e kalẹ̀. Bí àwọn òbí rẹ bá ti kú nígbà tí o wà ní ọmọ ọdún 5, tí ẹnikẹ́ni kò sì gbà ọ́ ṣọmọ lábẹ́ òfin, o ṣì jẹ́ ọmọ òrukàn nígbà tí o pé 13, nítorí náà bẹ́ẹ̀ ni ni ìdáhùn rẹ. Bó bá jẹ́ ẹ̀yìn ọdún 13 náà ni wọ́n gbà ọ́ ṣọmọ, bẹ́ẹ̀ ni náà ni. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé kí o tó pé 13 ni wọ́n ti gbà ọ́, òbí tuntun yẹn ni òbí rẹ lójú fọ́ọ̀mù. Bí ọ̀kan nínú àwọn òbí rẹ bá sì wà láàyè, ìbéèrè yìí kò kàn ọ́, kódà kí o má tíì gbúròó rẹ̀ láti ọjọ́ ìsọmọlórúkọ rẹ. Ọ̀nà tìrẹ wà nísàlẹ̀. Ìyàwó bàbá tàbí ọkọ ìyá kì í ṣe òbí rẹ mọ́ bí òbí tó fẹ́ ẹ bá ti kú, àfi bó bá gbà ọ́ ṣọmọ níwájú òfin.

Ọ̀rọ̀ alágbàtọ́ ni ibi tí àwọn ọmọ wa ti ń ṣubú jù lọ. Fọ́ọ̀mù ń béèrè bóyá ilé-ẹjọ́ ní ìpínlẹ̀ tí o fi ṣe ibùgbé fi ọ́ sábẹ́ alágbàtọ́ tí kì í ṣe òbí rẹ, tàbí bóyá ilé-ẹjọ́ náà kéde pé o ti dòmìnira kúrò lábẹ́ òbí nígbà tí o ṣì wà lọ́mọdé. Lẹ́tà tí bàbá kọ láti Abẹ́òkúta pé kí àbúrò òun máa tọ́jú ọmọ òun kò tó. Àfidáfíìtì tí wọ́n búra sí ní kóòtù ní Nàìjíríà kò tó. Ìwé tí iléèwé girama gbà lọ́wọ́ àǹtí nígbà tó lọ forúkọ ọmọ sílẹ̀ kò tó. Àṣẹ adájọ́ ni wọ́n ń wá, èyí tó jáde kí ọmọ tó di àgbà lójú òfin ìpínlẹ̀ náà. Ẹ̀yin tí ẹ bá ń tọ́ ọmọ ẹbí tó jẹ́ ọdún 15 tàbí 16 lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín: ẹ lọ bá agbẹjọ́rò nísinsìnyí, nítorí pé ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, bí ọmọ bá ti pé 18, ilẹ̀kùn yẹn ti tì.

Èyí tó kù ni ti ọmọ tí kò sí lọ́dọ̀ òbí tí kò sì ní ibùgbé, tàbí tí ibùgbé fẹ́ bọ́ mọ́ lọ́wọ́, láti ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 2025 fún fọ́ọ̀mù 2026–27. Ọ̀pọ̀ rò pé ẹni tó ń sùn lábẹ́ afárá nìkan ni aláìnílé. Ẹni tó ń sùn sí pálọ̀ ọ̀rẹ́ lọ́sẹ̀ yìí, tó ń sùn sílé ọmọ ìjọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, nítorí pé kò ní ibòmíràn tí yóò forí lé, wà lára wọn. Àwọn tó lè jẹ́rìí sí i ni òṣìṣẹ́ tí àgbègbè iléèwé yàn fún ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ aláìnílé, olùdarí ilé ìsádi, olùdarí ètò TRIO tàbí GEAR UP (àwọn ètò ìjọba tó ń ran akẹ́kọ̀ọ́ aláìní lọ́wọ́ láti dé kọ́lẹ́ẹ̀jì), tàbí ọ́fíìsì ìrànlọ́wọ́ owó ní kọ́lẹ́ẹ̀jì fúnra rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: bí òbí bá wà láàyè ṣùgbọ́n tí kò sí bí o ṣe lè rí i

Láti ọdún ẹ̀kọ́ 2024–25 ni FAFSA ti ní ìbéèrè kan nípa ohun tí wọ́n pè ní unusual circumstances, ìyẹn ipò tó ṣàjèjì tí kò jẹ́ kí ọmọ lè kàn sí òbí, tàbí tó mú kó léwu fún un láti ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tó wà níbẹ̀ ni òbí tó kọ ọmọ sílẹ̀, ìjà tó ti já okùn ìbátan pátápátá, òbí tàbí ọmọ tó wà lẹ́wọ̀n, ọmọ tí wọ́n fi ṣòwò ẹrú, àti ọmọ tí Amẹ́ríkà fún ní ipò asásàálà. Bí o bá dáhùn bẹ́ẹ̀ ni, fọ́ọ̀mù yóò jẹ́ kí o máa tẹ̀ síwájú láìsí òbí, yóò sì kà ọ́ sí ẹni tó dá dúró fún ìgbà díẹ̀. Ìgbà díẹ̀ ni mo sọ o. Kọ́lẹ́ẹ̀jì tí o fẹ́ lọ ni yóò wo ẹ̀rí rẹ, tí yóò sì pinnu.

Òbí tó sọ pé òun kò ní san kọ́bọ̀, tàbí tó kọ̀ láti fi iye tó ń gbà hàn, kò sí lára ìwọ̀nyí. Ọmọ irú òbí bẹ́ẹ̀ lè béèrè fún ẹ̀yáwó tí èlé rẹ̀ ń gùn láti ọjọ́ kìíní, ṣùgbọ́n kò ní rí owó ọ̀fẹ́ gbà. Òbí tó wà ní Nàìjíríà, Benin tàbí Togo, tó ń pè ọ́ lórí WhatsApp ní gbogbo alẹ́ ọjọ́ Àìkú, kò sí níbẹ̀ rárá. Irú òbí bẹ́ẹ̀ lè ṣí àkáǹtì lórí StudentAid.gov, ìkànnì ìjọba tí wọ́n ti ń kọ FAFSA, láìní nọ́ńbà Social Security (nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí ìjọba Amẹ́ríkà ń fúnni), kí ó sì ṣẹ́ owó tó ń wọlé fún un sí dọ́là. Èmi kò mọ ìdí tí àwọn kan fi ń sá fún èyí, nítorí owó-oṣù olùkọ́ ní Ọ̀ṣun tàbí Èkìtì, bí wọ́n bá ṣẹ́ ẹ sí dọ́là, kì í pọ̀ tó ohun tí yóò dí ọmọ lọ́wọ́ owó ọ̀fẹ́. Ẹni tó wá tìtorí rẹ̀ pa irọ́ pé òbí òun ti kú ti fọwọ́ ara rẹ̀ wá ìtanràn tó lè tó $20,000, tàbí ẹ̀wọ̀n, nígbà tí òtítọ́ gan-an ì bá ṣe é láǹfààní.

Ìgbésẹ̀ kẹta: kó ìwé jọ kí o tó ṣí fọ́ọ̀mù

Ìwé ìgbélùú ló ṣáájú. Ọmọ onílùú, ẹni tó ní gíríìnì káàdì, àti ẹni tí wọ́n fún ní ipò asásàálà lè gba owó ìjọba àpapọ̀. Ẹni tó wá pẹ̀lú físà akẹ́kọ̀ọ́ F-1, àti ẹni tó wà lábẹ́ DACA (ètò tó ń dáàbò bo àwọn kan tí wọ́n mú wá sí Amẹ́ríkà ní kékeré láìní ìwé ìgbélùú), kò lè gbà á. Kí àwọn yẹn wá owó ilé-ẹ̀kọ́ lọ. Ẹni tó wà lábẹ́ DACA tún lè wá ti ìpínlẹ̀, gẹ́gẹ́ bí California ṣe ní fọ́ọ̀mù tirẹ̀ lọ́tọ̀ tí wọ́n ń pè ní California Dream Act Application, ṣùgbọ́n fọ́ọ̀mù yẹn kò sí fún ẹni tó ní físà F-1. Nọ́ńbà tó tẹ̀lé lẹ́tà A lórí gíríìnì káàdì gbọ́dọ̀ pé 9. Bó bá jẹ́ 8 ni tìrẹ, fi òdo kan síwájú rẹ̀.

Orúkọ tún nìyí. Orúkọ wa gùn, ó sì pọ̀. Bí káàdì Social Security bá kọ Oluwaseun mọ́ra, tí ìwọ wá kọ Seun, tàbí tí orúkọ bàbá bọ́ sí àyè orúkọ àárín nígbà tí wọ́n ń ṣe físà, ohun tó wà lórí káàdì yẹn gan-an ni kí o tẹ̀, láìsí àmì ohùn, láìsí àfikún. Bí orúkọ kò bá bára mu, ìjọba kò ní dá ọ mọ̀, fọ́ọ̀mù yóò sì há.

Fún 2026–27, ìwé owó-orí ọdún 2024 ni wọ́n ń lò. Mọ iye tó wà ní báńkì rẹ lọ́jọ́ tí o fẹ́ kọ fọ́ọ̀mù. Ọmọ òrukàn kò ní fi ìwé-ẹ̀rí ikú ránṣẹ́ pẹ̀lú fọ́ọ̀mù, ṣùgbọ́n kọ́lẹ́ẹ̀jì lè béèrè rẹ̀ nígbàkígbà. Bó bá jẹ́ Nàìjíríà ni òbí kú sí, National Population Commission ló ń fúnni ní ìwé-ẹ̀rí náà, ó sì yẹ kí mọ̀lẹ́bí tó wà nílé ti bẹ̀rẹ̀ sí í lépa rẹ̀ kí ó tó di pé wọ́n béèrè, nítorí ọ̀pọ̀ ìdílé ló jẹ́ pé ìwé ètò ìsìnkú àti kàlẹ́ńdà tí wọ́n tẹ̀ fún ayẹyẹ nìkan ló kù sí wọn lọ́wọ́. Má sọ àwọn yẹn náà nù. Ó lè wúlò láti fi kún ẹ̀rí.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: kíkọ fọ́ọ̀mù

Òfin ní kí fọ́ọ̀mù ti ṣí sílẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá lọ́dọọdún. Ìjọba àpapọ̀ yóò gba ti 2026–27 títí di ọjọ́ 30 oṣù kẹfà ọdún 2027, àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má tẹ̀lé ọjọ́ yẹn, nítorí owó ìpínlẹ̀ àti ti kọ́lẹ́ẹ̀jì máa ń tán tipẹ́tipẹ́ ṣáájú. Ọ̀fẹ́ ni fọ́ọ̀mù náà. Ẹni tó bá ní kí o san owó kí òun tó bá ọ kọ ọ́, sá fún un.

Ṣí àkáǹtì tìrẹ lórí StudentAid.gov pẹ̀lú ímeèlì tí yóò wà títí. Ímeèlì tí iléèwé girama fún ọ lè kú lẹ́yìn tí o bá jáde. Bí o bá wọlé, wọn yóò béèrè bóyá o gbà kí àwọn agbowó-orí fi ìwé rẹ ránṣẹ́ sí fọ́ọ̀mù náà. Gbà. Ẹni tí kò bá gbà kò ní rí owó ìjọba àpapọ̀ kankan, ìbáà tilẹ̀ jẹ́ pé kò san owó-orí rí láyé rẹ̀.

Ojú ewé tó ń béèrè nípa ipò rẹ ni kí o ti rọra. Gbogbo ohun tí mo kà sílẹ̀ nínú ìgbésẹ̀ kìíní wà níbẹ̀ pẹ̀lú àpótí kéékèèké, èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá sì sọ pé kò sí èyí tó kàn ọ́. Ẹni tó ń kánjú á tẹ èyí tó wà nísàlẹ̀ yẹn, fọ́ọ̀mù á sì bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ímeèlì òbí. Bí o bá rí ibi tó ti ń béèrè òbí nígbà tí òbí rẹ méjèèjì ti kú, àpótí kan lo ṣì tẹ̀ lẹ́yìn. Padà lọ tún un ṣe. Má ṣe kọ orúkọ àǹtí sí àyè yẹn kí fọ́ọ̀mù lè máa lọ.

O lè kọ orúkọ kọ́lẹ́ẹ̀jì tó tó 20. Kọ gbogbo ibi tí o ń rò, títí kan kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò, lẹ́yìn náà kí o buwọ́ lù ú. Láìpẹ́, wọn yóò fi àkọsílẹ̀ ohun tí o kọ ránṣẹ́, pẹ̀lú nọ́ńbà kan tó ń jẹ́ Student Aid Index. Bí nọ́ńbà yìí bá ṣe kéré tó ni ìrànlọ́wọ́ ṣe ń pọ̀ tó. Ó lè lọ sísàlẹ̀ títí dé −1500. Ẹni tó dá dúró, tí owó tó rí kò tó èyí tí òfin ní kó tìtorí rẹ̀ kọ ìwé owó-orí, −1500 náà ni yóò rí.

Àwọn yunifásítì aládàáni kan tún ń béèrè fọ́ọ̀mù mìíràn, CSS Profile, ti College Board, àjọ tó ń ṣètò ìdánwò SAT. Ọmọ òrukàn tí kò tíì pé ọdún 24 kì í sanwó rẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ló ń túmọ̀ ẹni tó dá dúró bó ṣe wù ú lórí fọ́ọ̀mù yẹn, nítorí náà kọ̀wé béèrè.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ̀rí fún ọ́fíìsì kọ́lẹ́ẹ̀jì

Ẹni tó gba ọ̀nà ipò tó ṣàjèjì kọjá kò tíì parí. Má dúró kí wọ́n pè ọ́. Kọ̀wé sí ọ́fíìsì ìrànlọ́wọ́ owó lọ́sẹ̀ tí o bá fi fọ́ọ̀mù sílẹ̀, kí o béèrè ìwé tí wọ́n ń fẹ́. Òfin ní kí wọ́n parí àyẹ̀wò náà kó tó pé ọjọ́ 60 lẹ́yìn tí o bá ti forúkọ sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n owó ilé-ẹ̀kọ́ kì í dúró dè wọ́n.

Ohun méjì ló sábà máa ń ṣe pàtàkì. Èkíní ni àlàyé tìrẹ. Ó ṣòro fún ọmọ tí wọ́n tọ́ nílé Yorùbá láti máa kọ ọ̀rọ̀ ilé síta fún àjèjì, èyí ló sì ń mú kí ọ̀pọ̀ máa kọ gbólóhùn bí “bàbá mi kò tọ́jú mi,” kí wọ́n sì dákẹ́ síbẹ̀. Òṣìṣẹ́ kò lè fi ìyẹn ṣe ohunkóhun. Ọjọ́ àti ibi ló ń wá. Kọ ọ́ báyìí, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì tó rọrùn: “Mo kúrò nílé bàbá mi ní oṣù kẹta ọdún 2023, lọ́jọ́ tó kó ẹrù mi síta. Láti ìgbà náà, ìyá ọ̀rẹ́ mi ló fún mi ní yàrá. Ẹ̀ẹ̀kan ni mo tún bá bàbá mi sọ̀rọ̀, ní oṣù kejìlá ọdún yẹn, ó sì ní kí n má pe nọ́ńbà òun mọ́. Ìyá mi kú ní ọdún 2016.” Ojú ewé kan ti tó. Kò sí ìdí láti bú ẹnikẹ́ni.

Èkejì ni lẹ́tà ẹni tí kì í ṣe mọ̀lẹ́bí tó mọ ọ̀rọ̀ náà: olùdámọ̀ràn iléèwé, òṣìṣẹ́ ìgbáyégbádùn, agbẹjọ́rò, dókítà, pásítọ̀ tàbí ààfáà. Lẹ́tà pásítọ̀ tó kún fún àdúrà, tó sọ pé ọmọ dáadáa ni ọ́ nínú ẹgbẹ́ akọrin, kò ràn ọ́ lọ́wọ́. Jọ̀wọ́ bẹ̀ ẹ́ kó sọ ọdún tó ti mọ̀ ọ́, ohun tó fojú ara rẹ̀ rí, àti ibi tó mọ̀ pé o ń sùn. Bí ìwé àṣẹ ilé-ẹjọ́, ìwé ọlọ́pàá tàbí owó iná tí o san lórúkọ ara rẹ bá wà, fi í kún un.

Bí wọ́n bá sọ pé rárá, kò sí ẹjọ́ tí o lè pè sọ́dọ̀ ìjọba ní Washington. Ìpinnu kọ́lẹ́ẹ̀jì ni abẹ gé. O lè mú ẹ̀rí tuntun wá, tàbí kí o gbìyànjú kọ́lẹ́ẹ̀jì mìíràn, torí wọn kì í fi ojú kan náà wo ọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá gbà, ìpinnu náà yóò máa bá ọ lọ lọ́dọọdún ní kọ́lẹ́ẹ̀jì yẹn bí nǹkan kò bá yí padà, ṣùgbọ́n FAFSA fúnra rẹ̀, ọdọọdún ni kí o máa kọ ọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ka lẹ́tà owó náà dáadáa

Lẹ́tà tí kọ́lẹ́ẹ̀jì yóò fi ránṣẹ́ máa ń da owó ọ̀fẹ́ àti gbèsè pọ̀ mọ́ ara wọn. Yà wọ́n sọ́tọ̀. Pell Grant, tí ẹnikẹ́ni kì í san padà, tó $7,395 ní ọdún ẹ̀kọ́ 2025–26 fún ẹni tó bá rí i gbà ní kíkún, o sì lè gbà á fún ìwọ̀n sáà 12. FSEOG, owó ọ̀fẹ́ mìíràn láti ọ̀dọ̀ ìjọba àpapọ̀ fún àwọn tó ṣaláìní jù lọ, lè fi $100 sí $4,000 kún un, ṣùgbọ́n ó máa ń tètè tán. Work-study jẹ́ iṣẹ́ tí o máa ṣe kí o tó gba owó rẹ̀. Ẹni tó ti gbé lábẹ́ ìtọ́jú ìjọba nígbà èwe yẹ kó béèrè owó Chafee ní ìpínlẹ̀ rẹ̀, èyí tó lè tó $5,000 lọ́dún.

Ẹ̀yáwó ìjọba tí ẹni tó dá dúró lè gbà ní ọdún kìíní lè tó $9,500, nígbà tí ti ẹni tó wà lábẹ́ òbí jẹ́ $5,500. Nínú $9,500 yẹn, $3,500 péré ni ìjọba lè bá ọ gbé èlé rẹ̀ nígbà tí o bá wà lẹ́nu ẹ̀kọ́. Ìyókù, èlé ti bẹ̀rẹ̀ sí í gorí rẹ̀. Kò di dandan kí o gba gbogbo rẹ̀. Kọ iye tí o nílò gan-an ránṣẹ́, wọn yóò gé e.

Ìbéèrè kan wà tí lẹ́tà yẹn kì í dáhùn, tó sì kan ìwọ ju àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yòókù lọ. Pe ọ́fíìsì tó ń rí sí ilé gbígbé, kí o béèrè bóyá wọ́n máa ń ṣí i sílẹ̀ nígbà ìsinmi Kérésìmesì àti ìsinmi ẹ̀ẹ̀rùn, àti iye tí wọ́n ń gbà fún un. Ṣe é kí o tó fọwọ́ sí ohunkóhun, nítorí lọ́jọ́ tí wọ́n bá fi àgádágodo sẹ́nu ilẹ̀kùn ní oṣù kejìlá, ilé òbí ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ yóò forí lé.